Bí a mọ ẹni tó rọ kóńgò, ìyẹn kò sọ pé kò sí ìrẹsì

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé títẹ̀. Ìbéèrè kan ń lọ káàkiri Ìbàdàn, láti kíláàsì báyọ́lọ́jì ní ilé ẹ̀kọ́ girama títí dé ọgbà Yunifásítì, tó fi dé ẹ̀yìn ìwàásù ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí: bó bá jẹ́ ẹfolúṣọ̀n, ìyẹn ìyípadà díẹ̀díẹ̀ tó ń bá ohun abẹ̀mí láti ìran dé ìran, ló mú ọmọ èèyàn dé ibi tó wà yìí, ṣé ohun kankan ṣì wà tí à ń pè ní òtítọ́ nípa ìwà? Àwọn kan ní kò lè sí òtítọ́ mọ́, nítorí náà irọ́ ni ẹfolúṣọ̀n. Àwọn mìíràn ní òótọ́ ni ẹfolúṣọ̀n, nítorí náà ká yé tan ara wa pé ohun kan tọ́, ohun kan ò tọ́. Wọ́n ń bú ara wọn, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ ń tọ̀. Àwọn méjèèjì gbà pé gbàrà tí a bá ti rí àlàyé ibi tí ẹ̀rí-ọkàn ti wá, ẹ̀rí-ọkàn ti di irọ́ nìyẹn. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé sáyẹ́ǹsì rẹ̀ kalẹ̀ bó ṣe rí, nítorí ọ̀pọ̀ ló ń jà lórí ohun tí wọn kò tíì wò dáadáa. Ọdún 1859 ni Charles Darwin, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé àlàyé rẹ̀ jáde pé irú èyí tó bá yè tó sì bímọ jù ló ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ó di 1871 kó tó kọ̀wé ní tààrà lórí èèyàn àti ẹ̀rí-ọkàn. Ohun tó ń da àwọn onímọ̀ láàmú láti ìgbà náà ni pé ẹni tó bá ń ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ ń ná okun àti oúnjẹ tirẹ̀. Ó yẹ kí irú wọn ti dín kù títí wọ́n á fi tán. Kí ló dé tí wọn kò tán?

Ní 1964, W. D. Hamilton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ìṣirò kan dáhùn. Ẹ mú àǹfààní tí ẹni tí a ràn lọ́wọ́ rí, ẹ fi ìdá àbùdá (ìyẹn jíìnì, ohun àjogúnbá tó ń ti ara òbí bọ́ sára ọmọ) tí ẹ̀yin méjèèjì jọ ní nípasẹ̀ ẹbí sọ ọ́ di púpọ̀. Bí iye tó jáde bá ju ohun tí ìrànlọ́wọ́ náà ná olùrànlọ́wọ́ lọ, àbùdá tó ń mú ni ṣoore á máa pọ̀ sí i láti ìran dé ìran. Ọmọ ìyá ẹni tí a tún jọ jẹ́ ọmọ bàbá kan náà, 1/2 ni. Ọbàkan, 1/4. Ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá ẹni, 1/8. Nítorí náà, bí oore kan bá ná mi ní 1, ó gbọ́dọ̀ ṣe ọmọ ìyá mi ní àǹfààní tó ju 2 lọ, kó ṣe ọbàkan mi ní èyí tó ju 4 lọ, kó sì ju 8 lọ fún ọmọ àbúrò bàbá mi, kí irú oore bẹ́ẹ̀ tó lè fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àwọn baba wa kò ṣírò rẹ̀, wọ́n kàn sọ ọ́ ni: ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn.

Fún àwọn tí kò bá ara wọn tan, Robert Trivers ṣàlàyé ní 1971 pé ṣe-fún-mi-kí-n-ṣe-fún-ọ lè dúró bí àwọn méjèèjì bá ń pàdé lemọ́lemọ́ tí wọ́n sì ń rántí ojú ara wọn. Ní 1984, Gerald Wilkinson fi ẹ̀rí hàn láti Costa Rica lára àdán tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹran. Àdán yìí kò lè ju òru méjì sí mẹ́ta lọ láìjẹun kó tó kú. Èyí tó yó a máa pọ ẹ̀jẹ̀ sẹ́nu èyí tí ebi ń pa, kì í sì í ṣe gbogbo àdán ló ń ṣe é fún: àwọn ẹbí rẹ̀ àti àwọn tí wọ́n ti jọ ń gbé pọ̀ ni.

Àṣìṣe kan wà níbí tó yẹ kí n yọ kúrò lọ́nà. Àbùdá kì í ronú, kò sì mọ èrè. Ìyá tó gbé ọmọ pọ̀n lọ sí ilé ìwòsàn lóru kò ṣírò 1/2 kankan. Ọmọ rẹ̀ ló ń rò, ìfẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ ìfẹ́ tòótọ́. Ohun tí ìṣirò náà ń ṣàlàyé ni ìdí tí irú ìyá bẹ́ẹ̀ fi pọ̀ láyé. Kò sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀.

Nísinsìnyí, àwọn kan máa ń yí ọ̀rọ̀ náà sí òdìkejì, wọ́n á ní ohun tí ẹfolúṣọ̀n bá ti mú kó dúró, ohun náà ló dára. Ìdáhùn tó ye gbogbo ará Ìbàdàn wà nínú jẹ́nótáìpù. Ní Nàìjíríà, bí èèyàn 4 bá jókòó, ó súnmọ́ pé 1 nínú wọn jẹ́ AS. Ní 1954, Anthony Allison fi hàn pé àbùdá S yìí ń dáàbò bo ọmọ tó jẹ́ AS lọ́wọ́ akọ ibà. Ìdí nìyẹn tó fi pọ̀ níbi tí ẹ̀fọn àti ibà pọ̀ sí. Ṣùgbọ́n bí AS méjì bá fẹ́ ara wọn, oyún kọ̀ọ̀kan ní ìdá 1/4 láti jẹ́ SS, 1/2 láti jẹ́ AS, 1/4 láti jẹ́ AA. (Ọ̀pọ̀ ló ṣì ń rò pé bí àkọ́bí bá ti jẹ́ SS, àwọn mẹ́ta tó kù ti bọ́. Irọ́ ni. Oyún kọ̀ọ̀kan ló ń ta tẹ́tẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀.) Ní ti ẹfolúṣọ̀n, ọjà náà pé: ọmọ AS púpọ̀ yè bọ́ lọ́wọ́ ibà, ọmọ SS díẹ̀ sì san owó rẹ̀. Ẹ lọ sọ fún ìyá tí egungun ọmọ rẹ̀ ń ro ó láti òru mọ́jú pé ohun tó dára ló ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ náà nítorí pé àdánidá ló yàn án. David Hume, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò, ti rí i láti 1740: látinú "báyìí ló rí", ẹ kò lè fò tààrà sí "báyìí ló yẹ kó rí" láìfi ohun mìíràn kún un. Mi ò ní pẹ́ lórí èyí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni òdìkejì rẹ̀, èyí tó ní ohun tí a bá ti ṣàlàyé di irọ́. Ẹ wo kóńgò tí wọ́n fi ń wọn ìrẹsì ní ọjà Bódìjà. Gbogbo wa mọ̀ pé àwọn kan a máa fi òòlù lu ìdí kóńgò wọ inú, tó fi jẹ́ pé lójú ó kún, nínú kò pé. Ká ní ẹnì kan fi hàn yín pé ẹni tó rọ kóńgò kan kò bìkítà bóyá ó pé tàbí kò pé, kó ṣáà ti tà ni. Kí lẹ mọ̀ báyìí? Ẹ mọ̀ pé iye tí kóńgò yẹn sọ kò ṣeé gbára lé mọ́. Ẹ kò mọ̀ pé ìrẹsì kò sí nínú àpò. Ẹ kò tilẹ̀ mọ̀ pé iye náà kò tọ̀nà, nítorí ó lè bọ́ sí i. Ohun tí ẹ ní ni ìdí láti wá òṣùwọ̀n mìíràn. Ẹni tó bá fò látorí "kóńgò yìí kò dá mi lójú" sórí "kò sí ìrẹsì ní Bódìjà" ti fo odò tí kò ní afárá, bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo àwọn tó ń sọ pé ẹfolúṣọ̀n fi hàn pé kò sí rere, kò sí búburú.

Àwọn tó gbọ́n jù lọ nínú wọn kò fo odò yẹn. Sharon Street ní Amẹ́ríkà àti Richard Joyce, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò ni wọ́n, àwọn méjèèjì ní 2006, dúró sórí ọ̀rọ̀ kóńgò fúnra rẹ̀, ìyẹn bóyá ẹ̀rí-ọkàn tí a fi ń wọn ìwà ṣeé gbára lé, ọ̀rọ̀ wọn sì yẹ ní gbígbọ́ dáadáa. Ẹ wo ojú wa. Ojú náà jẹ́ iṣẹ́ ẹfolúṣọ̀n, síbẹ̀ a gbà á gbọ́, nítorí ẹni tí kò bá rí ẹkùn níbi tí ẹkùn wà, ẹkùn á jẹ ẹ́ kó tó bímọ. Fún ojú, òótọ́ ló ń gba ẹ̀mí là. Ẹ̀rí-ọkàn ńkọ́? Ẹni tó gbà pé ọmọ òun ṣe pàtàkì ju ọmọ aládùúgbò lọ á tọ́jú ọmọ rẹ̀, ọmọ á yè, àbùdá á tẹ̀ síwájú, yálà ohun tó gbà yẹn jẹ́ òótọ́ tàbí kò jẹ́. A kò nílò òtítọ́ kankan láti fi ṣàlàyé ìdí tó fi gbà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, Street ní bí òtítọ́ nípa ìwà bá dá dúró lọ́tọ̀ sí èrò wa, orí ire lásán ni yóò jẹ́ bí ẹ̀rí-ọkàn wa bá bá a pàdé. Darwin ti ro irú èyí wò ní 1871: ó ní ká ní bí oyin ṣe ń gbé nínú afárá la fi tọ́ èèyàn dàgbà ni, àwọn obìnrin tí kò lọ́kọ ì bá kà á sí ojúṣe mímọ́ láti pa arákùnrin wọn, ìyá ì bá máa wá bí yóò ṣe pa àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ tó lè bímọ, kò sì sí ẹni tí yóò dá wọn lẹ́kun.

Èyí ni ẹjọ́ tó dúró. Ẹni tó bá fi "Ọlọ́run ló fi ẹ̀rí-ọkàn síbẹ̀" dáhùn, mo bọ̀wọ̀ fún ìgbàgbọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì dáhùn: ó ṣì gbọ́dọ̀ sọ bí òun ṣe mọ èyí tí Ọlọ́run fi síbẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ebi, ẹ̀rù àti ìlara fi síbẹ̀.

Lójú tèmi, ibi tí ẹjọ́ náà ti mẹ́hẹ ni pé ó sọ̀rọ̀ bí ẹni pé odindi ni gbogbo èrò wa nípa ìwà fi jáde látinú ẹfolúṣọ̀n. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí a jogún ni ìtẹ̀sí: ojúsàájú sí ẹ̀jẹ̀ ẹni, ìfura sí àjèjì, inú tó ń ru sí ẹni tó rẹ́ wa jẹ. Èrò tí a wá gbé ka orí wọn, àríyànjiyàn ló ń yọ apá kan dànù tó sì ń fi apá kan kún un. Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìbejì. Ìtàn sọ pé ní apá ibì kan nílẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́, wọ́n ń pa ìbejì. Onímọ̀ ẹfolúṣọ̀n lè ṣàlàyé ìyẹn kíá: níbi tí oúnjẹ kò tó, ìyá tó bá fi omi ọmú fún méjì lè pàdánù méjèèjì. Lónìí, Ìgbò-Ọrà tó wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa níbí ni ayé mọ̀ sí ìlú ìbejì, pẹ̀lú nǹkan bí ìbejì 45 nínú ìbí 1,000, nígbà tí ti àgbáyé jẹ́ nǹkan bí 12. Ara tó ń bí wọn kò yí padà, ìdájọ́ wa ló yí padà, látorí ikú sórí oríkì. Wọ́n lè sọ pé àṣà ló yí i, pé àṣà náà ní àlàyé tirẹ̀. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹnikẹ́ni lónìí pé kí ló burú nínú pípa ìbejì, kò ní sọ pé àṣà yí padà. Á ní ọmọ náà kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn jẹ́, ẹni tó ń pa ìbejì náà sì lè gbọ́ ọ kó yé e.

Peter Singer, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò, sọ ní 1981 pé ọgbọ́n orí dà bí àtẹ̀gùn tó ń fúnra rẹ̀ gòkè: ẹni tó bá gun un kì í mọ ibi tó máa gbé òun dé. A kọ́ ìṣirò láti fi ka ẹran àti ebu iṣu, ìṣirò kan náà ló wá gbé wa dé ibi tí kò wúlò fún àgbẹ̀ kankan. Bí a bá gé igi nígbó, ká fọ̀rọ̀ ro ara ẹni wò. Ẹni tó bá ti kọ́ láti fọ̀rọ̀ ro ara rẹ̀ wò nítorí ọmọ ìyá rẹ̀ kò ní ìdí tó lè sọ jáde lẹ́nu tí kò fi ní fọ̀rọ̀ ro ara rẹ̀ wò nítorí ẹni tí kò mọ̀ rí.

Ó kù bí a ṣe ń yẹ kóńgò náà wò ní ti gidi. Ẹ jẹ́ ká mú ogún pínpín, nítorí inú ilé wa ni ìṣirò Hamilton àti ìdájọ́ òdodo ti ń kọlu ara wọn jù. Baálé kú, ó fi ìyàwó méjì sílẹ̀. Ìyálé bí ọmọ 1, ìyàwó kejì bí 5. Ohun ìní rẹ̀ tó mílíọ̀nù 12 náírà. Bí wọ́n bá pín in ní ìdí-igi, ọmọ ìyálé mú mílíọ̀nù 6, àwọn márùn-ún yòókù mú mílíọ̀nù 1.2 ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá pín in ní orí-ó-jorí, mílíọ̀nù 2 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìdí-igi ni àṣà tí òfin mọ̀ jù: ìgbìmọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún wa nígbà náà, fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1962 nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole.

Ẹ padà sí ìṣirò. Bàbá jọ ní 1/2 pẹ̀lú ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kò sí èyí tó ju èyí lọ. Ìyá kọ̀ọ̀kan jọ ní 1/2 pẹ̀lú ọmọ tirẹ̀, kò sì ní nǹkan kan pẹ̀lú ọmọ orogún. Nítorí náà ẹ lè sọ ohun tí ẹnu kálukú máa sọ kó tó la ẹnu. Ìyálé á ní àṣà baba wa ni ìdí-igi. Ìyàwó kejì á ní ọmọ kò ju ọmọ lọ. Kò sí ẹni tó ń purọ́ nínú wọn, ibi tó le nìyẹn: nínú ọkàn, àǹfààní kì í pe ara rẹ̀ ní àǹfààní, ẹ̀tọ́ ló máa ń pe ara rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí olùdájọ́ gbọ́dọ̀ ṣe ni kó kọ èrè sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ kálukú, 6 sí 2, 1.2 sí 2, kó sì yọ ìdánilójú àwọn tó ń jèrè kúrò nínú ẹ̀rí. Èyí kò túmọ̀ sí pé wọn kò tọ̀nà. Ẹni tó ń jèrè lè tọ̀nà. Ó kàn jẹ́ pé bó ṣe dá a lójú tó kò fi nǹkan kan hàn. Lẹ́yìn náà, kó wá àwọn ìdí tí kálukú lè sọ láìdárúkọ àga tí òun jókòó lé: ìyálé ló bá bàbá dá oko kòkó tí wọ́n fi kọ́lé, àbíkẹ́yìn ṣì wà ní ọmọ ọdún 7, kò tíì bẹ̀rẹ̀ girama. Ìyẹn ṣeé wádìí, ìwé wà, ẹlẹ́rìí wà. Ìgbà yẹn ló tó kan kí ó ní kí wọ́n pín in bí ẹni tí kò mọ èyí tí òun máa jẹ́ nínú ọmọ mẹ́fà náà. Àwọn kan máa ń sáré bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìgbẹ̀yìn yìí láìtíì mọ ẹni tó ṣiṣẹ́ oko, ohun tí wọ́n sì pín kì í jẹ́ kí ilé rójú. Àwọn mìíràn pe àgbà tó jẹ́ ẹbí ìyá kan ṣoṣo. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ibi tó ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà ni wọ́n fi ń rò pé níwọ̀n bí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ti ní àǹfààní nínú rẹ̀, kò sí ìdáhùn tó tọ́ ju òmíràn lọ. Ẹ wo ìdáhùn kẹta: kí ọmọkùnrin tí ìwé ilẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó gbogbo rẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó lè gbèjà rẹ̀ láìdárúkọ àga tirẹ̀. Láti ìjókòó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló ti ṣubú. Láàárín ìdí-igi àti orí-ó-jorí, èmi gbà pé orí-ó-jorí ló dúró jù bí iṣẹ́ àwọn ìyá bá dọ́gba, ṣùgbọ́n mo mọ àwọn ọlọ́gbọ́n tó ń bá mi jiyàn, mo sì ń gbọ́ ìdí wọn. Orí ìdáhùn kẹta, kò sí àríyànjiyàn. Òṣùwọ̀n tó lè já ìdáhùn kan kúrò báyìí ń wọn nǹkan kan.

Wọ́n á ní ẹ̀rí-ọkàn kan náà la ṣì fi ń yẹ ẹ̀rí-ọkàn wò. Òótọ́ ni, ẹ̀sùn náà sì kan gbogbo ìmọ̀: ojú la fi ń ka lẹ́tà tí wọ́n fi ń dán ojú wò. Ẹni tó ń sọ fún mi pé ó yẹ kí n tẹ̀lé ẹ̀rí Darwin ti lo "ó yẹ". Bí gbogbo "ó yẹ" bá jẹ́ àṣà ara lásán, èyí náà bá a lọ, kò sì sí ohun tó máa fi mú mi gbà á gbọ́ mọ́. Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò tí wọ́n bá àwọn oníṣègùn Yorùbá sọ̀rọ̀ pẹ́ nígbà tí wọ́n wà ní Ifẹ̀, fi hàn ní 1986 pé àwọn àgbà yẹn ya "mọ̀" sọ́tọ̀ pátápátá sí "gbàgbọ́". Ohun tí o fi ojú ara rẹ rí tí ọkàn rẹ sì jẹ́rìí sí ni o mọ̀. Èyí tí o gbà lẹ́nu ẹlòmíràn, o gbà á gbọ́ ni, títí wàá fi dán an wò. Ojúsàájú tí a bí mọ́ wa jẹ́ ohun tí a gbà lọ́wọ́ àwọn baba ńlá tí a kò rí. Gbàgbọ́ ni. Èyí tó bá yege ìdánwò tí mo sọ lókè yìí ti ń súnmọ́ mọ̀.

Mi ò sọ pé mo ti borí Street. Ohun tó lè mú kí n gbà fún un nìyí. Ká ní oyin Darwin ní ọgbọ́n orí bíi tiwa, kó jókòó tì wá, kó gbọ́ gbogbo ìdí wa tán láìsí èyí tí kò yé e, kó fọ̀rọ̀ ro ara rẹ̀ wò ní ipò arákùnrin tó fẹ́ pa, kó sì ṣì ní pípa á ló tọ́ láìjẹ́ pé ó ṣìṣe níbì kankan nínú ìrònú rẹ̀. Nígbà náà ni n ó gbà pé kóńgò lásán la ní. Èmi rò pé bí oyin náà bá lè bá wa dé ìdajì ọ̀nà yẹn, ọwọ́ rẹ̀ á ti máa gbọ̀n.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín láti Bódìjà, Ìbàdàn.